Lẹ́tà ṣíṣí lórí ojú tó ń pọ́n ní àpọ́ntúnpọ́n

Sí Ilé-iṣẹ́ Ayush, èyí tí Ìjọba Íńdíà fi ń mójú tó ìṣègùn ìbílẹ̀ bíi Ayurveda, sí àwọn dókítà ojú ilẹ̀ náà àti àwọn vaidya, ìyẹn àwọn oníṣègùn Ayurveda, àti sí gbogbo ẹni tí ojú rẹ̀ ń pọ́n, tó ń sàn, tó tún ń pọ́n.

Kì í ṣe gbogbo ojú pípọ́n ni àpólò. Àpólò máa ń ràn láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ẹlòmíràn. Orí awọ òde ojú ló ń gbé, ó máa ń yúnni, ipin á lẹ ìpéǹpéjú pọ̀ láàárọ̀, lọ́pọ̀ ìgbà kì í sì í pẹ́ kó tó lọ. Inú ẹyinjú gan-an ni àìsàn tí lẹ́tà yìí dá lé lórí wà, kì í sì í ràn. Uveitis ni àwọn dókítà ń pè é. Ìpele àárín ẹyinjú, níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣàn jù, ló wú tó sì gbóná. Ìpele yìí bẹ̀rẹ̀ láti ara awọ aláwọ̀ tó yí ọmọlójú ká, ó sì lọ títí dé ẹ̀yìn, lábẹ́ awọ tó ń gba àwòrán. Bó bá jẹ́ iwájú ló mú, ojú á pọ́n yí dúdú ojú ká, aláìsàn ò ní lè wo ìmọ́lẹ̀, ìrora á wọ agbárí, ìríran á ṣú. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn ló mú, ojú lè má pọ́n rárá: ohun dúdú kéékèèké á kàn máa fò kiri níwájú ẹni náà, tàbí kí ìlà ìwé tó ń kà máa wọ́.

Ojú lásán kò lè dá a mọ̀ dájú. Dókítà ojú á ní kí aláìsàn gbé àgbọ̀n lé orí ẹ̀rọ, kó fi iwájú orí ti ọ̀já rẹ̀, á sì tan ìlà ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín kan gba iwájú ẹyinjú kọjá nínú yàrá tó ṣókùnkùn. Omi tó wà lẹ́yìn awọ gaara iwájú ojú yẹ kó mọ́ débi pé ìmọ́lẹ̀ náà ò ní hàn nínú rẹ̀ rárá. Nígbà tí àìsàn bá wà níbẹ̀, ìlà náà á hàn ketekete, ohun funfun wíńníwínní á sì máa lọ sókè sódò nínú rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun ni wọ́n, tí kò yẹ kó dé ibẹ̀. Dókítà á kà wọ́n, á sì kọ ìwọ̀n wọn sílẹ̀, láti òdo dé mẹ́rin. Á tún wo bóyá ọmọlójú ti lẹ̀ mọ́ awò tó wà lẹ́yìn rẹ̀, nítorí ọmọlójú tó bá ti lẹ̀ kì í rí róbótó mọ́. Iye tí dókítà kọ yìí ló ń pinnu bóyá kí oògùn pọ̀ sí i tàbí kó dín kù, nítorí ojú lè funfun nini síbẹ̀ kí sẹ́ẹ̀lì kún inú rẹ̀. Bí àìsàn uveitis àti Ayurveda bá jọ di ọ̀rọ̀, orí iye yìí ni gbogbo rẹ̀ dúró lé.

Ní ọdún 2005, ìgbìmọ̀ àgbáyé kan tó jókòó kí gbogbo oníṣègùn lè máa pe àìsàn yìí ní orúkọ kan náà fẹnu kò sórí ìpínyà kan. Bí ojú bá sinmi fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán láìlo oògùn kí àìsàn tó padà, alátúnwá ni. Bí kò bá pé oṣù mẹ́ta tí wọ́n dá oògùn dúró tó fi padà, ó ti di bárakú. Alátúnwá tó ń mú iwájú ojú sábà máa ń rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ohunkóhun tí aláìsàn bá sì ń lò lọ́wọ́ nígbà náà ni yóò gba ìyìn: ewé, àdúrà, oògùn tí wọ́n ń kán sójú, tàbí kíkúrò nílùú. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ mọ ohun tó wo ojú sàn ní tòótọ́ gbọ́dọ̀ fi èyí sọ́kàn. Àìsàn náà ń lọ, àpá rẹ̀ kì í bá a lọ. Gbogbo ìgbà tó bá padà ló lè fi nǹkan sílẹ̀: kátáráàtì, gílákọ́mà, omi tó sé mọ́ àárín awọ tó ń gba àwòrán.

Ohun tó ń fà á pọ̀. Nígbà mìíràn, àwọn ọmọ ogun inú ara ló dojú ìjà kọ ojú tí wọ́n yẹ kí wọ́n dáàbò bò, bó ti ń rí lára àwọn tí ọ̀pá ẹ̀yìn wọn ń le, tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ sì fi hàn pé wọ́n ní àmì kan tó ń jẹ́ HLA-B27. Àmì yìí wọ́pọ̀ lára àwọn aláwọ̀ funfun, ó ṣọ̀wọ́n lára àwọn ará Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ó lè jẹ́ sarcoidosis, ó lè jẹ́ àìsàn Behçet, ó lè jẹ́ oríkèé ríro àwọn ọmọdé, èyí tó burú jù nínú wọn nítorí ojú ọmọ náà kì í pọ́n, kì í sì í dùn ún títí yóò fi bàjẹ́. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, kòkòrò ni: ikọ́ ẹ̀gbẹ, sífílíìsì, herpes. Ní Íńdíà, kò sí dókítà ojú tó mọṣẹ́ tí kò ní kọ́kọ́ ronú sí ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Madurai, ní ìpínlẹ̀ Tamil Nadu, tún kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ mìíràn. Lẹ́yìn tí omi yalé ní apá ìparí ọdún 1993, àwọn tí uveitis ń ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ya wá sí ilé ìwòsàn ojú Aravind. Nígbà tí àwọn dókítà ibẹ̀ tọpa rẹ̀, kòkòrò leptospira ni wọ́n bá, èyí tó ń ti inú ìtọ̀ eku bọ́ sínú omi àgbàrá. Kò sí bí ẹni tó ń wo ojú nìkan yóò ṣe mọ ìyẹn láìbéèrè ibi tí aláìsàn ti fẹsẹ̀ wọ́ omi.

Ìtọ́jú tí ọsibítù ń ṣe kò ṣòro láti ṣàlàyé. Fún iwájú ojú, wọ́n á kán oògùn sítẹ́rọ́ọ̀dì sí i, prednisolone acetate ló wọ́pọ̀ jù, nígbà mìíràn ní wákàtí wákàtí níbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Wọ́n á tún kán èyí tó ń ṣí ọmọlójú sílẹ̀, bíi atropine, kó má bàa lẹ̀, kí ìrora sì rọ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn ojú ló mú, ó di abẹ́rẹ́ tàbí oníhóró. Bí kò bá ṣeé ṣe láti kúrò lórí sítẹ́rọ́ọ̀dì láìjẹ́ pé àìsàn padà, wọ́n á gbé e bọ́ sórí oògùn tó ń pẹ̀rọ̀ sí àwọn ọmọ ogun inú ara: methotrexate, tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, mycophenolate, tàbí azathioprine. Íńdíà wà lára àwọn tó fi ìdí èyí múlẹ̀ fún gbogbo ayé. Nínú ìwádìí kan tí àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2019, èyí tí ilé ìwòsàn Aravind kó ipa ńlá nínú rẹ̀, wọ́n fi methotrexate wé mycophenolate lára aláìsàn 216, mycophenolate kò sì borí èyí tó jẹ́ àgbà, tó sì dínwó. Ní 2016, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ adalimumab fún àwọn oríṣi tó le, tí kì í ṣe kòkòrò ló fà á.

Àwọn aláìsàn ní ìdí gidi láti wá ọ̀nà mìíràn. Sítẹ́rọ́ọ̀dì fúnra rẹ̀ ń fa kátáráàtì, ó ń gbé ìfúnpá omi inú ojú ga. Oníhóró rẹ̀ ń mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú, ó ń gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ sókè, ó ń jẹ egungun. Oògùn kejì ń béèrè àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ déédéé. Ẹni tí àìsàn rẹ̀ padà lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọdún méjì, tí dókítà sì ń sọ fún un pé kó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀kán wákàtí wákàtí, kò lè ṣaláì béèrè bóyá ohun kan wà tí yóò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tán. Ibi tí Ayurveda ti ń wọlé nìyẹn.

Ayurveda pín iṣẹ́ ìṣègùn sí ẹ̀ka mẹ́jọ. Shalakya Tantra ni ẹ̀ka tó ni àìsàn orí: ojú, etí, imú, ẹnu àti ọ̀fun. Ìwé tó kún jù lórí ojú ni Sushruta Samhita, èyí tó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún kan àbọ̀. Apá ìkẹyìn rẹ̀ ka àìsàn ojú 76, ó sì pín wọn níṣirò: 10 láti ọwọ́ vata, 10 láti ọwọ́ pitta, 13 láti ọwọ́ kapha, 16 láti inú ẹ̀jẹ̀, 25 láti ọwọ́ gbogbo wọn lápapọ̀, 2 láti ìta. Vata, pitta àti kapha ni agbára mẹ́ta tí Ayurveda gbà pé ó ń darí ara: vata ló ni ìrìn, pitta ló ni ooru, kapha ló ni ọ̀rinrin àti ìwúwo. Nínú gbogbo àìsàn ojú, abhishyanda ni Sushruta fi ṣe ìyá wọn, ojú tó pọ́n, tó ń ṣomi, tó ń roni. Bí wọn kò bá tọ́jú rẹ̀, ó ní, á di adhimantha, ìrora tó ń mú ìdajì orí, tí ẹni tó ń ṣe á rò pé wọ́n ń fi igi ro inú ojú òun. Ó wá ka ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀: ti kapha lè fọ́ ojú láàárín òru méje, ti vata ní mẹ́fà, ti ẹ̀jẹ̀ ní márùn-ún, ti pitta lójú ẹsẹ̀ bí ìtọ́jú bá ṣì í. Ìwé àtijọ́ tó ń ka òru báyìí kò fi ojú pípọ́n ṣeré rárá, ó sì yẹ kí àwọn tó ń fi orúkọ rẹ̀ polówó fara wé e.

Abẹ́ abhishyanda tàbí adhimantha ni àwọn vaidya òde òní sábà máa ń to uveitis sí, pàápàá ti pitta àti ti ẹ̀jẹ̀. Ìtò náà kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe rẹ́gí. Sushruta kò ní ìlà ìmọ́lẹ̀. Àpólò, uveitis àti gílákọ́mà òjijì lè bọ́ sábẹ́ orúkọ kan náà nínú ìwé rẹ̀. Oògùn tó ń ṣí ọmọlójú ń ṣe uveitis lóore, ó sì lè ba ojú tí gílákọ́mà òjijì mú jẹ́ láàárín wákàtí díẹ̀. Nítorí náà, orúkọ Sanskrit nìkan kò tó láti fi bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, bó ti wù kí vaidya náà mọ ìwé tó.

Ìtọ́jú Ayurveda fún irú ojú bẹ́ẹ̀ pín sí oríṣi mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni fífọ ara mọ́: virechana, ìyẹn ìyàgbẹ́, nasya, òróró tí wọ́n ń kán símú, àti fífa ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú eṣúṣú ní ẹ̀gbẹ́ ojú. Ìkejì ni oògùn mímu. Triphala ló gbajúmọ̀ jù, èso mẹ́ta tí wọ́n lọ̀ pọ̀: haritaki, bibhitaki àti amalaki, tí wọ́n tún máa ń sè mọ́ bọ́tà yíyọ́ tí wọ́n ń pè ní ghee. Guduchi, tí ọjà mọ̀ sí giloy, ata ilẹ̀ pupa, daruharidra àti punarnava wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Punarnava yìí kò jìnnà sí ẹni tó ń ka lẹ́tà yìí ní Ìbàdàn tàbí ní Kétu: ètìpọ́nlá ni, èyí tó ń ta lẹ́bàá ọ̀nà. Pé ó wà nínú ìwé Íńdíà kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni gún un kán sójú o. Àwọn dókítà ojú ní Nàìjíríà mọ ojú tí àgbo, omi ewé àti ìtọ̀ ti bà jẹ́ dáadáa.

Ìkẹta ni àwọn ohun tí wọ́n ń ṣe sí ojú fúnra rẹ̀: dída omi oògùn lé ojú tó pa dé, kíkán an sínú rẹ̀, fífi lẹ́ẹ̀ oògùn pa ìpéǹpéjú, títọ́ tìróò, àti tarpana. Tarpana ló yẹ kí a wò fínnífínní. Aláìsàn á dùbúlẹ̀ lójú hánhán nínú yàrá tí atẹ́gùn, oòrùn àti eruku kò dé. Wọ́n á po ìyẹ̀fun ẹ̀wà dúdú kéékèèké, wọ́n á sì fi mọ odi yí ojú ká, ó ga tó ìka méjì, kò gbọ́dọ̀ jò. Ghee tí wọ́n ti fi omi gbígbóná yọ́ ni wọ́n á dà sínú rẹ̀ títí yóò fi bo irun ìpéǹpéjú. Aláìsàn á wá máa ṣẹ́jú díẹ̀díẹ̀ nísàlẹ̀ ghee náà, vaidya á sì máa kà. Iye tó máa kà yàtọ̀ sí agbára tó bá ń dà á láàmú. Bó bá pé, á lu odi náà níhò ní igun òde ojú, ghee á sì ṣàn jáde. Ìwé tó kọ́ni ní tarpana kò fi mọ síbẹ̀. Ó ní wọn kò gbọ́dọ̀ ṣe é lọ́jọ́ tí ojú sánmà bá ṣú, tàbí tí ooru tàbí òtútù bá pọ̀ jù, wọn kò sì gbọ́dọ̀ ṣe é fún ẹni tí ìnira àìsàn rẹ̀ kò tíì rọlẹ̀. Ìyẹn ni pé ojú tó ń pọ́n lọ́wọ́ kò sí lára ojú tí tarpana wà fún. Àwọn ibùdó ìgbafẹ́ ní ìpínlẹ̀ Kerala tó ń ta á fún àlejò pẹ̀lú ìfọwọ́ra ẹ̀yìn kì í sábà ka ojú ìwé yẹn.

Ẹ̀rí tó wà kò pọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òfo. Ní 1999, àwọn dókítà ní ìlú Lucknow ní Íńdíà tẹ àbájáde iṣẹ́ wọn lórí aláìsàn 32 tí uveitis iwájú ojú wọn ti di bárakú. Curcumin, èròjà inú ata ilẹ̀ pupa, ni wọ́n fún wọn, miligíráàmù 375 lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 12. Òun nìkan ni 18 nínú wọn gbà. Àwọn 14 yòókù gbà á pẹ̀lú oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ojú gbogbo àwọn ti ìsọ̀rí kìíní ni wọ́n sọ pé ó gbé pẹ́ẹ́lí sí i. Nígbà tí wọ́n tọpa wọn fún ọdún mẹ́ta, àìsàn náà ti padà sára 55 nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Ní 2010, àwọn ará Ítálì fún àwọn aláìsàn 106 ní curcumin tí wọ́n pò mọ́ ọ̀rá kan kó lè wọ ara, lórí ìtọ́jú tí wọ́n ti ń gbà tẹ́lẹ̀. Ara tu ju 80 lọ nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Kò sí ìsọ̀rí tí wọ́n fún ní oògùn òfìfo láti fi wé e nínú iṣẹ́ méjèèjì. Fún àìsàn tó ń lọ fúnra rẹ̀, àléébù ńlá nìyẹn. Fún tarpana, virechana àti eṣúṣú lórí uveitis, ìròyìn aláìsàn kọ̀ọ̀kan ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde, ẹni tí kò sàn kì í sì í wọ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀.

Ewu tó tóbi jù wà níbi tí ìtọ́jú méjèèjì ti pàdé láìjẹ́ pé ẹnì kan nínú àwọn olùtọ́jú mọ̀. Methotrexate lè pa ẹ̀dọ̀ lára. Láti 2021 ni àwọn dókítà ẹ̀dọ̀ ní Íńdíà ti ń ròyìn àwọn tí ẹ̀dọ̀ wọn wú lẹ́yìn tí wọ́n mu giloy lásìkò Kòfíìdì, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ sì jọ èyí tí ara ń bá ara rẹ̀ jà. Ilé-iṣẹ́ Ayush kò gbà. Ó ní ewé mìíràn tó jọ ọ́ ni wọ́n lè ti mu. Bí ó bá tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, kò tu aláìsàn uveitis nínú, nítorí òun náà kò lè fi ojú dá ewé méjèèjì mọ̀ nígbà tó bá ti di ìyẹ̀fun nínú ike. Wọ́n sì ń polówó giloy pé ó ń fún àwọn ọmọ ogun ara lókun, nígbà tí dókítà ń lo oògùn láti pẹ̀rọ̀ sí wọn. Yashtimadhu, gbòǹgbò dídùn tó wọ́pọ̀ nínú oògùn ojú Ayurveda, ń mú kí prednisolone pẹ́ lára, ó ń lé èròjà potassium jáde, ó sì ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè. Ìyàgbẹ́ virechana lè gbẹ omi ara, methotrexate á sì pọ̀ jù nínú ara tí kíndìnrín rẹ̀ kò rí omi tó. Ghee tí kò mọ́ tónítóní, lójú ẹni tí oògùn ti dín agbára ara rẹ̀ kù, lè di ọ̀nà kòkòrò. Ní ti irin olóró inú oògùn, ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2004 yẹ oògùn Ayurveda 70 tí wọ́n rà ní àwọn ṣọ́ọ̀bù agbègbè Boston wò, wọ́n sì bá òjé, mẹ́kúrì tàbí ásẹ́níìkì nínú 14.

Bí méjèèjì bá máa rìn pọ̀, ètò kan wà tí kò ṣeé yí padà. Ọjọ́ tí ojú bá pọ́n tó sì kọ ìmọ́lẹ̀, ọ̀dọ̀ dókítà ojú ni aláìsàn ń lọ, kò sì gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ kan lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti wá ikọ́ ẹ̀gbẹ àti sífílíìsì nínú àyẹ̀wò, kí sítẹ́rọ́ọ̀dì tó bò wọ́n mọ́lẹ̀. Kò sí vaidya tó gbọ́dọ̀ ní kí aláìsàn já oògùn dókítà sílẹ̀ lójijì: ojú lè ru sókè ju ti àkọ́kọ́ lọ, ẹni tó sì ti ń mu oníhóró sítẹ́rọ́ọ̀dì fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lè ṣubú lulẹ̀, nítorí ara rẹ̀ ti gbàgbé bí yóò ṣe pèsè tirẹ̀. Àsìkò ìsinmi, nígbà tí ìlà ìmọ́lẹ̀ bá ti kọ òdo, ni àyè ṣí fún Ayurveda, lórí ìtọ́jú ọsibítù, kì í ṣe dípò rẹ̀. Oògùn kan ṣoṣo ni kí wọ́n fi kún un lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n lè mọ ohun tó fà á bí ara bá kọ̀ ọ́. Àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀ ṣáájú, àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀ lẹ́yìn. Ìmọ̀ràn vaidya lórí ìgbé ayé ni kò pa ẹnikẹ́ni lára: kí oorun tètè yá, kí ìgbẹ́ máa lọ déédéé, kí ọtí dín kù, kí aláìsàn yẹra fún oòrùn gangan. Sìgá ni dókítà á fi kún un, nítorí uveitis a máa le lára ẹni tó ń mu ún.

Ohun tó so gbogbo rẹ̀ pọ̀ kò ju ìwé kan lọ. Ìwé kan náà ni dókítà àti vaidya gbọ́dọ̀ máa kọ sí: ọjọ́, ìwọ̀n sẹ́ẹ̀lì, ìfúnpá inú ojú, ohun tí aláìsàn ń kán, ohun tó ń mu, orúkọ ewé àti ilé tó ṣe é. Lọ́wọ́lọ́wọ́, aláìsàn fúnra rẹ̀ ló ń gbé ìròyìn láàárín àwọn méjèèjì, ó sì máa ń fi ìdajì rẹ̀ pa mọ́ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kí wọ́n má bàa bá a wí.

Ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá Íńdíà. Ní oṣù kejì ọdún 2022, Narendra Modi, olórí ìjọba Íńdíà, sọ fún gbogbo orílẹ̀-èdè náà lórí rédíò bí ọmọbìnrin Raila Odinga, ẹni tó ti ṣe mínísítà àgbà Kẹ́ńyà rí, ṣe tún ń ríran lẹ́yìn ìtọ́jú Ayurveda ní Kerala. Ìtàn náà tàn ká Áfíríkà. Kókó tó ń bọ́ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń tún un sọ ni pé kókó ọlọ́yún inú ọpọlọ àti iṣẹ́ abẹ rẹ̀ ló ṣáájú àìríran náà. Kì í ṣe uveitis. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń lọ gbàtọ́jú ní Íńdíà lọ́dọọdún kò kéré, ẹni tí ojú rẹ̀ ń pọ́n ní àpọ́ntúnpọ́n ní Èkó lè gbọ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kó já ẹ̀kán rẹ̀ sílẹ̀ kó tó wọ bàálù.

Ilé-iṣẹ́ Ayush, tó di ilé-iṣẹ́ ìjọba tó dá dúró ní 9 Oṣù kọkànlá 2014, ní ohun èlò tó tó láti tún èyí ṣe. Òfin ìpolówó oògùn ti 1954 ti ka ìfọ́jú, kátáráàtì àti gílákọ́mà mọ́ àwọn àìsàn tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ polówó ìwòsàn wọn fún aráàlú. Lílò rẹ̀ ló kù, kí wọ́n sì fi uveitis kún un. Ètò tó wà fún gbígba ìròyìn ewu oògùn ìbílẹ̀, tí ilé ẹ̀kọ́ gíga Ayurveda ní New Delhi jẹ́ olú rẹ̀, yẹ kó máa gba ìròyìn láti ọwọ́ dókítà ojú pẹ̀lú, kì í ṣe láti ọwọ́ vaidya nìkan. Ní Oṣù kọkànlá 2020, ìgbìmọ̀ tó ń darí ìṣègùn ìbílẹ̀ Íńdíà nígbà náà gba àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ gíga nínú Ayurveda láyè láti ṣe iṣẹ́ abẹ oríṣi 58, kátáráàtì sì wà nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà yanṣẹ́ lódì fún ọjọ́ kan ní 11 Oṣù kejìlá. Wọ́n jà lórí ọ̀bẹ. Ẹ̀rọ ìlà ìmọ́lẹ̀, tí kò gé ẹnikẹ́ni, kò sí ẹni tó jà lé e lórí, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló yẹ kí gbogbo ilé ìtọ́jú Shalakya ní, pẹ̀lú ẹni tó mọ̀ ọ́n kà. Kí tarpana má wáyé níbikíbi tí wọn kò bá kọ́kọ́ kọ ìwọ̀n sẹ́ẹ̀lì sílẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ìwádìí tó yẹ kò le ju èyí tí Íńdíà ti ṣe rí lọ. Àwọn tó lè kó aláìsàn 216 jọ láti wọn oògùn méjì wò lè kó iye bẹ́ẹ̀ jọ fún triphala tàbí curcumin: gbogbo wọn lórí ìtọ́jú ọsibítù, ìdajì pẹ̀lú ewé, ìdajì pẹ̀lú ohun tó jọ ọ́, dókítà tí kò mọ ẹni tó gba èwo ni kó máa ka sẹ́ẹ̀lì, ọdún méjì ni kí wọ́n fi ka iye ìgbà tí àìsàn padà. Bí ewé náà bá dín in kù, yóò hàn. Bí kò bá dín in kù, kí wọ́n tẹ ìyẹn náà jáde.

Fún aláìsàn tó ti òkè òkun wá, ohun kan wà tí ilé-iṣẹ́ náà lè pa láṣẹ láìná owó. Kò yẹ kí ilé ìtọ́jú Ayurveda kankan gba aláìsàn uveitis wọlé láìrí ìwé dókítà ojú rẹ̀, kò sì yẹ kó jẹ́ kó padà sílé láìfún un ní ìwé tó kọ orúkọ gbogbo oògùn tó lò sí, ní èdè Sanskrit àti ní orúkọ tí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pe ewé kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀ àti ọjọ́ tó dá a dúró, kí dókítà tó máa gbà á ní Èkó tàbí ní Nairobi lè mọ ohun tó wà nínú ara rẹ̀.